Ẹ Ṣọ́ Ẹmọ́ Òyìnbó Yín Lọ́wọ́ Òkúta Inú Àpò Ìtọ̀

Àwọn àgbà ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ẹranko kékeré kan wà tí kò nírù, tí kò ní ìwo, tí kò sì mọ ìjà á jà. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Ẹni tí ó bá mú un wọ ilé rẹ̀ ni ó di dandan fún láti máa bá a lé eṣinṣin. Ẹranko yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní guinea pig. Nínú àròkọ yìí, ẹmọ́ òyìnbó ni a ó máa pè é, nítorí pé ó fi ara jọ ẹmọ́ inú igbó wa díẹ̀ ní ìrísí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀, ní Jos, ní Kàdúná, ní Kánò àti ní àwọn ìlú mìíràn, ni kò ní àyè láti sin ewúrẹ́ tàbí àgùntàn nínú ilé tí wọ́n háyà. Ẹmọ́ òyìnbó kò gba àyè púpọ̀, kì í gbó bí ajá, kì í sì í lé àlejò. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń rà á fún àwọn ọmọ wọn. Èyí dára, nítorí pé ọmọ tí ó bá mọ bí a ti í tọ́jú ẹran yóò mọ bí a ti í tọ́jú èèyàn. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí í máa bá ẹran yìí jà ní kọ̀rọ̀, tí ọ̀pọ̀ olówó rẹ̀ kì í mọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Òkúta inú àpò ìtọ̀ ni. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé wa mú lọ́wọ́ lọ lónìí kò ju ọ̀kan lọ: kò sí àgbo tàbí oògùn oníhóró tí ń yọ́ òkúta yìí. Oúnjẹ, omi àti ojú tí ó là ni a fi ń ṣọ́ra fún un. Bí ó bá sì ti dé, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni ọ̀nà là sí.

IRÚ ẸRANKO TÍ Ó JẸ́

Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un lè tan ènìyàn jẹ, nítorí pé kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ará Guinea. Orí àwọn òkè Andes ní apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn, níbi tí Perú, Bolivia àti Ecuador wà lónìí. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń sìn ín fún jíjẹ, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ títí di òní olónìí. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n kó o dé ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí ó ti di ẹran ìṣeré fún àwọn ọmọdé.

Èyí tí ó bá ti dàgbà máa ń wọn láti gíráàmù 700 dé 1,200. Bí ìtọ́jú bá péye, ó lè lo ọdún 5 sí 8 láyé. Eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun àtihù títí ọjọ́ ikú, nítorí náà ni ó ṣe gbọ́dọ̀ máa rún koríko tọ̀sán-tòru kí eyín náà lè máa jẹ wálẹ̀.

Ohun méjì ni ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹranko, méjèèjì ni ó sì kan ọ̀rọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni pé kò lè dá ṣe èròjà tí a ń pè ní fítámì C fún ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa ènìyàn náà kò ti lè ṣe é. Inú oúnjẹ ni ó ti gbọ́dọ̀ rí i lójoojúmọ́. Ní ọdún 1907, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Norway, Axel Holst àti Theodor Frølich, fi ọkà nìkan bọ́ àwọn ẹmọ́ òyìnbó, àrùn ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín tí ó ń pa àwọn atukọ̀ òkun láyé àtijọ́ sì mú wọn. Láti ara ẹranko yìí ni ọ̀nà ti là fún ìmọ̀ tí a ní lónìí nípa fítámì C.

Ohun kejì ni bí ara rẹ̀ ti ń lo kálísíọ̀mù, èyíinì ni èròjà tí í mú egungun àti eyín le. Òun ni ó mú òkúta wá.

IBI TÍ ÒKÚTA NÁÀ TI Ń WÁ

Nínú ara ènìyàn, ìwọ̀n kálísíọ̀mù tí ara bá ń fẹ́ ni ìfun máa ń gbà, ìyókù á bá ìgbẹ́ lọ. Ti ẹmọ́ òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú kálísíọ̀mù tí ó bá jẹ ni ìfun rẹ̀ ń gbà sínú ẹ̀jẹ̀, yálà ara nílò rẹ̀ tàbí kò nílò rẹ̀. Iṣẹ́ wá di ti kíndìnrín láti lé èyí tí ó pọ̀ jù jáde, ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni ó sì ń gbà lé e. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ ẹran yìí fi máa ń dà bí omi ẹ̀kọ nígbà mìíràn, tí ó sì máa ń fi ẹbu funfun díẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá gbẹ.

Bí a bá da iyọ̀ púpọ̀ sínú omi díẹ̀, ìsàlẹ̀ ife ni yóò gbá jọ sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú àpò ìtọ̀. Bí omi tí ẹran náà ń mu bá kéré, tí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ rẹ̀ sì pọ̀, ẹbu funfun yóò sílẹ̀, yóò di yanrìn, yanrìn yóò sì di òkúta. Ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta yìí kò yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú èèpo ẹyin adìẹ àti ìkarawun ìgbín. Ẹ wá ro ó wò, kí ènìyàn ní ìkarawun ìgbín nínú àpò ìtọ̀!

Ọjọ́ orí náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n ti kọjá ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni ó sábà máa ń mú. Àìrìn kiri nínú àgò tí ó há àti kòkòrò àrùn inú àpò ìtọ̀ náà lè dá kún un. Nínú ẹran méjì tí ń jẹ nínú àwo kan náà, ó lè mú ọ̀kan kí ó fi ìkejì sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi wà lọ́rùn olówó ẹran. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa kò yẹ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa.

ÀMÌ TÍ A Ó FI MỌ̀ Ọ́N

Ẹmọ́ òyìnbó jẹ́ ẹranko tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ nínú igbó, ìwà rẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ sì ni pé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ara òun kò yá. Nígbà tí ó bá fi máa hàn gbangba, ìrora náà ti pọ̀ jọjọ. Àwọn àmì tí ó yẹ kí a máa wò nìwọ̀nyí:

Bí ó bá ń ké nígbà tí ó ń tọ̀, tí igbe náà kò jọ igbe ayọ̀ tí í ké nígbà tí ó bá rí koríko.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀, tàbí bí aṣọ tí a tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ bá ní àbààwọ́n pupa.

Bí ó bá ń tiraka láti tọ̀, tí ó tẹ ẹ̀yìn kọrọdọ, tí ó jẹ́ pé ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jáde.

Bí irun ìdí rẹ̀ bá ń tutù nígbà gbogbo tí ó sì ń rùn.

Bí ó bá káwọ́ gbera sí igun kan, tí ó ń pa eyín keke, tí kò sì fẹ́ jẹun.

Àmì kan tún wà tí ó máa ń ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹ máa fi ìka méjì fọwọ́ ra ẹbu funfun tí ó bá gbẹ sí ibùsùn rẹ̀. Bí ó bá kúnná bí ẹlùbọ́, kò sí ewu nínú rẹ̀. Bí ó bá rí ṣakaṣaka bí iyanrìn, tàbí bí ìtọ̀ náà bá ki bí àmàlà rírọ̀, ìkìlọ̀ ni, kí a sì tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Akọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ ti abo kúrú, òkúta wẹ́wẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde. Ti akọ gùn, ó sì tín-ín-rín. Bí òkúta bá há sí i tí ìtọ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó lè kú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Akọ tí ń tiraka tí kò sì sí ohun tí ó jáde kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ di ọ̀la.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé bàbá kan dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ sì wí fún un pé ẹran àwọn ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni kí ó ná ọwọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ó tú kápúsù ámpísílìn kan, kí ó pò ó mọ́ omi, kí ó sì fún ẹran náà mu. Inú rere ni ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n májèlé ni ó fún un. Ámpísílìn, amóksílìn àti pẹnisílíìnì tí a ń lò fún ara wa máa ń pa àwọn kòkòrò rere tí ń bá ẹmọ́ òyìnbó da koríko nínú ìfun rẹ̀. Kòkòrò búburú á wá gba àyè wọn, á máa tu oró síbẹ̀, ẹran náà á máa yàgbẹ́ gburu, á sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Dókítà ẹran mọ àwọn oògùn mìíràn tí kò lè pa á lára. Ẹ fi kápúsù sílẹ̀.

Bákan náà ni àgbo atọ̀. Bí ojú ọ̀nà bá ti dí, tí a wá fún ẹran ní ohun tí yóò mú ìtọ̀ pọ̀ sí i, níbo ni ìtọ̀ náà yóò gbà? Ńṣe ni àpò rẹ̀ yóò máa wú. Omi òroǹbó wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan náà kò lè yọ́ òkúta yìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ kẹ́gàn egbòogi àwọn baba wa. Ohun tí ó le bí ìkarawun ìgbín, tí ó wà nínú ara ẹran tí kò ju kílò kan lọ, kò sí ohun mímu tí ó lè yọ́ ọ tí kò ní ba ìfun rẹ̀ jẹ́ ṣáájú.

OÚNJẸ TÍ Ó YẸ Ẹ́

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Inú àwo oúnjẹ ni iṣẹ́ ìdènà ti bẹ̀rẹ̀.

Koríko ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Kí ó wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ní tútù tàbí ní gbígbẹ, láìní òdiwọ̀n. Koríko lásán tí ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń sọ, irú èyí tí ẹṣin ń jẹ. Kí a má ṣe gé e ní ẹ̀bá ọ̀nà ọkọ̀ tàbí níbi tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko, kí a má sì fún un ní èyí tí ó ti bu.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí àwọn tí ń gbé ní òkè Ọya ṣọ́ra gidigidi. Nínú ọjà wọn, ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ń sin àgbò ni harawa, èyíinì ni ewé àti ìtàkùn ẹ̀pà tàbí ti ẹ̀wà tí a sá gbẹ. Ó dùn lẹ́nu ẹran, owó rẹ̀ kò sì wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ìdílé ẹ̀wà ni ohun ọ̀gbìn méjèèjì, kálísíọ̀mù inú wọn sì ju ti koríko lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Fún ọmọ ẹran tí ń dàgbà àti abo tí ó lóyún, díẹ̀ nínú rẹ̀ dára, nítorí pé wọ́n ń fi kálísíọ̀mù ṣe egungun. Fún èyí tí ó ti dàgbà, pàápàá èyí tí òkúta ti mú rí, kí a yàgò fún un.

Èyí tí ó tún léwu ju harawa lọ ni oúnjẹ alápò tí a ń fún adìẹ tí ń yé ẹyin. Nítorí èèpo ẹyin ni wọ́n ṣe ń po ìkarawun àti egungun lílọ̀ mọ́ ọn, tí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ fi ń tó gíráàmù 35 sí 40 nínú kílò kan. Nǹkan bí gíráàmù 8 péré nínú kílò kan ni ẹmọ́ òyìnbó nílò. Ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹni tí ó ń fi oúnjẹ adìẹ bọ́ ọ ń fún un. Kí a má sì ṣe so òkúta iyọ̀ tí màlúù ń lá mọ́ ara àgò rẹ̀.

Ní ti ewébẹ̀, nǹkan bí ife kan ní òòjọ́ tó fún ẹran kan. Kì í ṣe gbogbo ewé ni ó dọ́gba. Nínú gíráàmù 100 ewé tẹ̀tẹ̀, kálísíọ̀mù tó mílígíráàmù 215. Ti ewé zogale tí àwọn Haúsá fẹ́ràn tó 185. Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀n kan náà, ti kùkúmbà kò ju nǹkan bí 16 lọ, ti tàtàṣé kò sì tó 10. Létúùsì àti kárọ́ọ̀tì wà ní àárín, ní nǹkan bí 33 sí 36. Ó ṣe kedere nígbà náà pé tẹ̀tẹ̀ àti zogale kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ fún un, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe ara ènìyàn lóore. Ẹ̀yin tí ń gbé ní Jos, níbi tí létúùsì, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì ti pọ̀, ọ̀nà yín rọrùn. Ẹ sáà má fún un ní ewé ọ̀dùnkún òyìnbó tàbí ewé tòmátì, nítorí májèlé ni.

Kí a má sì gbàgbé fítámì C. Mílígíráàmù 10 sí 30 ni ó yẹ kí ẹran tí ó wọn kílò kan rí lójoojúmọ́. Gíráàmù 100 gúáfà ní ju mílígíráàmù 200 lọ, tàtàṣé pupa sì ju 100 lọ. Ègé kékeré kan nínú ọ̀kan nínú wọn lójúmọ́ tó, nítorí ṣúgà inú èso kò yẹ kí ó pọ̀ jù fún un. Kò wúlò kí a máa po hóró fítámì mọ́ omi rẹ̀, nítorí pé kíákíá ni agbára rẹ̀ ń ṣá nínú omi.

Bí a bá fẹ́ yí oúnjẹ padà, kí a ṣe é díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kí a gba gbogbo kálísíọ̀mù kúrò lẹ́nu ẹran ni ọgbọ́n. Egungun àti eyín rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni a ń wí.

OMI ÀTI ÒṢÙWỌ̀N

Omi ni ó ń fọ àpò ìtọ̀. Ẹran tí ó wọn kílò kan nílò nǹkan bí mílílítà 100 omi lójúmọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ ìgò onípáìpù ni a fi ń fún un, kí a máa fi ìka tẹ ẹnu páìpù náà láràárọ̀, nítorí pé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ máa ń dí i. Ìgò tí ó kún fún omi kò túmọ̀ sí pé ẹran mu yó. Ó lè jẹ́ pé páìpù ni ó ti dí. Kí a fọ ewébẹ̀ kí a sì fún un pẹ̀lú omi lára rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, àti láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún tí oòrùn òkè Ọya ń jó ni, kí a gbé àgò rẹ̀ sí ibi tútù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ooru tí ó bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti ń ni í lára.

Kí a jẹ́ kí ó máa jáde rìn kiri nínú yàrá, nítorí ìrìn ni kì í jẹ́ kí ẹbu funfun rí àyè jókòó. Kí ibùsùn rẹ̀ sì gbẹ, kí ó mọ́.

Ohun èlò tí ó wúlò jù lọ fún olówó ẹmọ́ òyìnbó ni òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn obìnrin fi ń wọn ìyẹ̀fun. Kí a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àkókò kan náà, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ yìí dára fún ọmọ tí ń kọ́ ìṣirò. Bí ó bá fi gíráàmù 50 dín, kí a la ojú sí i. Bí ó bá fi 100 dín, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìbáà ṣe pé ó ń jẹ ó ń ṣeré. Òṣùwọ̀n kì í purọ́, ẹran ni í fi àìsàn pamọ́.

NÍ Ọ̀DỌ̀ DÓKÍTÀ

Àwọn ilé ìwòsàn ẹran wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ olú ìlú ìpínlẹ̀. Àwọn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, Usmanu Danfodiyo ní Sókótó, àti ti Maiduguri sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran. Àwọn tí ń gbé ní ìlà-oòrùn lè lọ sí Nsukka. Dókítà yóò fọwọ́ tẹ abẹ́ rẹ̀, yóò sì ní kí a ya àwòrán inú rẹ̀. Nítorí pé kálísíọ̀mù ni òkúta náà, ó máa ń hàn ní funfun nínú àwòrán bí egungun. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lè jẹ́ ti kòkòrò àrùn lásán, ti abo sì lè ti inú ilé ọmọ wá.

Bí òkúta bá wẹ́ tí ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà lára abo, dókítà lè fà á yọ láìlo abẹ. Bí ó bá tóbi, iṣẹ́ abẹ ni yóò ṣe: yóò mú kí ẹran sùn, yóò la àpò ìtọ̀, yóò yọ òkúta, yóò sì rán an. Kí a má ṣe bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: iṣẹ́ abẹ lára ẹran kékeré ní ewu, òkúta náà a sì máa padà wá lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ẹran tí a bá ti la inú rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ wà lórí koríko, omi púpọ̀ àti òṣùwọ̀n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Láti ilé lọ sọ́dọ̀ dókítà àti ní bíbọ̀, kí koríko wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé kí ó wà láìjẹun fún ọjọ́ kan gbáko lè dá ìfun rẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin èèyàn wa ní ìdálẹ̀, a kò ní kí gbogbo ènìyàn lọ ra ẹmọ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mú un wọlé ti mú ẹ̀mí kan wọlé. Ní alẹ́ òní, kí ó tó pa iná, kí ó wo ohun mẹ́ta: ṣé koríko wà níbẹ̀, ṣé omi ń jáde lẹ́nu páìpù, báwo sì ni àwọ̀ ìtọ̀ orí aṣọ ti rí? Kò ní gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ oró tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.